Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Bá Leander Sọ̀rọ̀

Bárékè Àwọn Ọmọ Ogun, Georgia
14 Oṣù Kẹta, 1943

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ sì kú ìbínú. Mo mọ̀ pé ẹ ṣì ń bínú, ìdí nìyẹn tí mo fi kí yín méjèèjì pọ̀. Àǹtí Vernell ńkọ́? Ṣé orúnkún wọn ti gbọ́ oògùn?

Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin géérégé lónìí tí mo kúrò ní Pinder. Wọ́n ti fá orí mi kodoro. Wọ́n fún mi ní bàtà tó jẹ́ pé bí mo bá yí padà, òun á ṣì dojú kọ ibi tó ń lọ tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ ẹrù ni wọ́n ń kọ́ mi ní wíwà. Àwa aláwọ̀ dúdú, ọkọ̀ ẹrù tàbí ilé ìdáná ni wọ́n ń pín wa sí, mo sì dúpẹ́ pé wọn ò kó mi sídìí ìkòkò, torí ẹ mọ̀ pé mi ò mọ ẹyin dín.

Bàbá, mo mọ̀ pé ẹ ti bá ọ̀gá ibi ìwakùsà sọ̀rọ̀. Ká ní mo gbà láti wọ inú kòtò èédú pẹ̀lú yín ni, ìjọba ò ní pè mí rárá. Ṣùgbọ́n báwo ni n óò ṣe máa ju bésíbọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Àkùkọ Dúdú ní Mobile, kí wọ́n máa sanwó fún mi, kí èrò máa pàtẹ́wọ́, nígbà tí àwọn tí a jọ ṣe kékeré wà lójú ogun? Ojú á tì mí.

Ẹ ní bí mo bá lọ, n ò ní gbọ́ ohùn yín mọ́. Bàbá, ohùn yín ni mo fi dàgbà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí tí ẹ ti ń lóṣòó lẹ́yìnkùlé, tí ẹ na ìbọ̀wọ́ aláwọ yẹn sí mi, tí ẹ ń pariwo pé, "Ibí ni kó o jù ú sí, kì í ṣe fèrèsé Àlùfáà Tubbs!" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi. Ìlà kan ṣoṣo náà tó.

Èmi ọmọ yín,
Leander


Pinder, Alabama
2 Oṣù Kẹrin, 1943

Leander,

Ìwé rẹ dé. Èmi Ezell Gaddis ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ èyí, bí o bá rí àbàwọ́n èédú lára rẹ̀, má dà á láàmú.

Mo ní o ò ní gbọ́ ohùn mi mọ́. Òótọ́ ni mo sọ, mi ò sì yí i padà. Ìwé kì í ṣe ohùn.

Ó dáa, a ti parí ìyẹn. Wàyí o, fetí sílẹ̀. Má fi apá ọ̀tún sùn. Má fi í gbé ẹrù. Bí òtútù bá mú, wá aṣọ òwú àgùntàn, kó o fi wé èjìká rẹ. Mo gbọ́ pé apá ọ̀tún lẹ fi ń kí àwọn ọ̀gá yín níbẹ̀. Ṣé wọn ò lè gba ti òsì ni? Bá wọn sọ ọ́. Ọlọ́run fún ẹlòmíì ní ilé, ó fún ẹlòmíì ní ilẹ̀, ìwọ, apá ló fún ọ. Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti wà nínú kòtò, n kò tíì rí apá tó dà bí ìyẹn.

Àǹtí rẹ ní kí n kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ò gbọ́ oògùn, ẹnu rẹ̀ náà ò gbọ́. Ó yan páì ànàmọ́ tó o fẹ́ràn lọ́jọ́ Àìkú, ó sunkún lé e lórí, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Máa kọ̀wé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí o bá jẹ mí ní ọ̀sẹ̀ kan, n óò wá bá ọ níbẹ̀.

Bàbá rẹ,
Ezell


Ìlú kan ní England tí wọn ò jẹ́ kí n dárúkọ
20 Oṣù Kẹta, 1944

Bàbá mi,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú òjò ibi tí mo wà yìí, torí kò dá láti ọjọ́ tí a ti dé. Ìwé yín ti Kérésì dé lánàá. Àlàáfíà ni mo wà. Dewitt, ọmọ Georgia tí a jọ ń wa ọkọ̀, ní kí n kí yín. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, tó bá ń sùn pàápàá, ó ń sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n pa yín lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwa àti ẹgbẹ́ awakọ̀ mìíràn gbá bésíbọ́ọ̀lù lórí pápá tí màlúù ti ń jẹko. Èmi ni mo ń jù ú. Bàbá, apá mi gbóná! Abala kìíní, kò sẹ́ni tó fi igi kàn án. Ìkejì, ìkẹta, títí dé ìkeje, gbogbo àwọn tó gbé igi dúró síwájú mi, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń gbá. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Wọ́n sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí bẹ́ńṣì. Kò sẹ́ni tó wo ojú mi. Dewitt pàápàá ya odi.

Bí ọ̀gá àgbà wa ṣe ń bọ̀ nìyẹn, òyìnbó kan tó jẹ́ pé eré ẹṣin nìkan ló mọ̀ nígbèésí ayé rẹ̀. Ó fi ọwọ́ gbá mi lẹ́yìn, ó ní, "Gaddis! Wọn ò tíì rí ìkankan gbá lọ́wọ́ rẹ o, àbí?" Háà! Dewitt fi fìlà bojú. Bọ́ọ̀lù kejì tí mo jù lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gbá a fò kọjá ọgbà, ó bọ́ sáàárín kábéèjì obìnrin kan. Ọ̀gá wa ń pàtẹ́wọ́ ní tirẹ̀. Dewitt ló lọ ṣàlàyé fún un, ó ní, "Ọ̀gá, bí ẹnì kan bá ń jù ú tí wọn ò tíì rí i gbá, èèwọ̀ ni. A kì í bá a sọ̀rọ̀, a kì í dárúkọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹnu ló ń bà á jẹ́." Ọ̀gá ní, "Ṣé ẹ gbà bẹ́ẹ̀ lóòótọ́?" Gbogbo wa na ìka sí ọgbà kábéèjì.

Ẹ bá mi kí Àǹtí. Wọ́n ní a máa tó kọjá omi.

Leander


Pinder, Alabama
16 Oṣù Kẹrin, 1944

Leander,

Ìwé rẹ ò pa mí lẹ́rìn-ín rárá. Inú ló bí mi. Ṣé ọ̀gá yín yẹn ò ní ìyá tó kọ́ ọ nílé ni? Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kó kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sójú ogun?

Mi ò sọ èyí fún ọ rí. Ní ọdún 1927, èmi ni mo ń hán bọ́ọ̀lù fún Big Sims, nígbà tí ẹgbẹ́ ìwakùsà wa lọ bá ti Bessemer ṣeré. Abala mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án, kò sẹ́ni tó gbá a. Ní ìkẹsàn-án, nígbà tó ku ẹni kan ṣoṣo, ayọ̀ kún inú mi ju bó ṣe yẹ lọ, mo la ẹnu mi yìí, mo ní, "Sims, ó ku ẹyọ kan péré." Wọ́n gbá a. Sims ò bínú sí mi, ó kàn wò mí ni. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, òrùlé kòtò já lù ú, ó kú. Àwọn èèyàn ní èyí ò kan ìyẹn. Ó kàn án lójú tèmi. Ó ti di ọdún mẹ́tàdínlógún, ó ṣì ń dùn mí.

Ọ̀rọ̀ tó bọ́ kò ṣeé kó mọ́. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé Ezell Gaddis ló sọ bẹ́ẹ̀.

Bo èjìká rẹ. Máa kọ̀wé.

Bàbá rẹ,
Ezell


Ibì kan ní France
27 Oṣù Kẹjọ, 1944

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí. A ti gúnlẹ̀, iṣẹ́ sì pọ̀. Ọta àti epo là ń kó lọ fún àwọn tó wà níwájú, ọkọ̀ kì í dúró. Ọwọ́ ń rí epo ju oúnjẹ lọ.

Bàbá, mi ò mọ bí n óò ṣe sọ èyí. Àwa mọ́kànlá la jọ sọ̀ kalẹ̀ létí òkun. Mẹ́rin ti kú. Mẹ́fà ti fara gbọgbẹ́, wọ́n ti gbé wọn lọ. Dewitt wà nínú wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti lọ. Èmi nìkan ni wọn ò tíì fọwọ́ kàn. Ọkọ̀ jóná lábẹ́ mi nígbà méjì. Ọta wọ fìlà mi lápá kan lọ́jọ́ Ẹtì, ó gba apá kejì jáde, orí mi ò mọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tuntun ń fọwọ́ kan aṣọ mi kí wọ́n tó wọkọ̀.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ ohun kan. Àpótí ọta ò ṣeé fi ọwọ́ òsì nìkan gbé. Apá ọ̀tún ni mo ń lò, láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èjìká mi ti ń dún kẹ́kẹ́. Bí mo bá gbé apá náà sókè, kò kọjá etí. Mo mọ̀ pé ẹ ti kìlọ̀. Ẹ bínú, kẹ́ ẹ bú mi, ṣùgbọ́n ẹ fèsì kíákíá, torí ìwé yín ló ń mú mi lọ́kàn le.

Leander


France
15 Oṣù Kẹwàá, 1944

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Mi ò rí ìwé yín. Mo ti kọ mẹ́rin ránṣẹ́ lẹ́yìn ti oṣù Kẹjọ. Mo kọ́kọ́ rò pé ọkọ̀ ojú omi tó gbé e ti rì ni, ṣùgbọ́n àwọn yòókù ń rí tiwọn gbà. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gba mẹ́ta lọ́jọ́ kan, ó sì kà á sókè fún gbogbo wa bí ẹni ń ka Bíbélì.

Mo kọ̀wé sí Àǹtí Vernell. Wọn ò fèsì. Mo kọ̀wé sí Àlùfáà Tubbs. Ẹni tí kì í dákẹ́ lórí pẹpẹ títí oúnjẹ ọ̀sán gbogbo wa á fi jóná, òun náà dákẹ́. Kí ló dé? Ṣé ara yín ò yá ni? Bí ẹ bá ti kú, ṣé kò sẹ́ni tó máa sọ fún mi ní gbogbo Pinder?

Ara mi le. Wọn ò tíì fọwọ́ kàn mí. Ẹ fèsì, Bàbá.

Leander


France
26 Oṣù Kọkànlá, 1944

Bàbá,

Mo pàdé Otha Hollis, ọmọ ilé kẹta sí wa, níbi tí a ti ń gba epo. Ó ní ìyá òun kọ̀wé pé ara yín le, pé ẹ dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìkórè, pé ẹ jẹ ìyẹ́ tọ̀lótọ̀ló méjì. Mo ní, "Ìyá rẹ ò dárúkọ mi ni?" Otha wo bàtà rẹ̀. Ó ní kọfí òun ń tutù. Ó sì yára lọ.

Nítorí náà, ẹ ò ṣàìsàn, ẹ ò kú. Ẹ kàn ń dákẹ́ ni. Gbogbo Pinder ń bá yín dákẹ́.

Nítorí apá ni, àbí?

Leander


France
24 Oṣù Kejìlá, 1944

Ọ̀gbẹ́ni Ezell Gaddis,

Ẹ kú ọdún Kérésì.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo jẹ́wọ́ fún yín pé apá mi ti ń bàjẹ́, láti ọjọ́ náà ni ẹ ti pa mí tì. Ṣé èmi ni ọmọ yín ni, àbí apá mi? Bó bá jẹ́ apá ni, ẹ jókòó tì í. Ẹ lè wá ọmọ mìíràn tí apá tirẹ̀ ṣì dáa.

Ọkùnrin kan wà ní Rouen tó ń jẹ́ Lecointe. Ó ń tún ọkọ̀ ṣe. Ó ti rí mi nídìí ẹ́ńjìnnì, ó ní bí ogun bá parí, kí n dúró ti òun, iyàrá wà lókè ṣọ́ọ̀bù. Ní Rouen, ẹnu ọ̀nà iwájú ni èmi aláwọ̀ dúdú ń gbà wọ ilé oúnjẹ, kì í ṣe ti ẹ̀yìn bíi tilé wa lọ́hùn-ún. Kí ni mo fẹ́ padà wá ṣe ní Alabama, bí bàbá mi ò bá bá mi sọ̀rọ̀?

Bí oṣù Kejì bá wọlé tí n kò rí ìwé yín, ìlà kan ṣoṣo, n óò dá Lecointe lóhùn. Mi ò ní padà wálé. Èyí kì í ṣe ìhàlẹ̀.

Leander Gaddis


Ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun
6 Oṣù Kejì, 1945

Ọ̀gbẹ́ni Gaddis,

Nọ́ọ̀sì ló fipá mú mi kọ èyí. Ìjọba lè fi wáyà ránṣẹ́ sí yín, mi ò sì fẹ́ kí Àǹtí Vernell ṣubú lulẹ̀ lásán.

Wọ́n ti gbá mi. Àfọ́kù irin ló bà mí ní ìdí, lápá òsì. Dókítà ti yọ ọ́, ó fi hàn mí, kò tó hóró àgbàdo. Dídojúbolẹ̀ ni mo wà tí mo fi ń kọ̀wé yìí. N óò rìn láàárín oṣù kan. Kò ṣe ibòmíràn.

Oṣù Kejì ti wọlé. Mo ti dá Lecointe lóhùn. Ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù Kẹta ló máa mú ìwé àdéhùn wá kí n fọwọ́ sí i.

Leander Gaddis


Pinder, Alabama
25 Oṣù Kejì, 1945

LEANDER! LEANDER! LEANDER!

Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta torí oṣù mẹ́fà ni orúkọ yẹn ò gba ẹnu mi jáde. Leander ọmọ mi! Leander abìdí-lílu! Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run! Wọ́n ti gbá ọ!

Má ṣe rò pé mo ti ya wèrè. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nínú kòtò ni, ojú mi dúdú ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ, ni Miss Lottie ilé ìfìwéránṣẹ́ sáré dé tòun ti ìwé rẹ. Mo kà á. Mo pariwo pé, "Wọ́n ti gbá a! Wọ́n ti gbá ọmọ mi ní ìdí!" Gbogbo àwọn awakùsà ju akoto sókè. A ń dì mọ́ra wa, a ń jó. Akọ̀wé tuntun kan tó wá láti Ohio ń bèèrè irú èèyàn tí a jẹ́. Tubbs sáré lọ lu aago ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Ìwé rẹ ti oṣù Kẹjọ ni. Mo ka ibi tó o ti ní mẹ́wàá ti lọ nínú yín, ìwọ nìkan ni wọn ò tíì fọwọ́ kàn. Mo ní, yéè, ọmọ mi ń jù ú, wọn ò tíì rí i gbá! Mo dìde, mo gbé àga mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ nídìí tábìlì. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo ti ń jẹun.

Vernell ní, "Ezell, orí ẹ ti dàrú." Mo sọ ọ̀rọ̀ Sims fún un. Mo ní, "Ẹnu mi yìí ti pa ọmọ ẹlòmíì, kò ní pa tèmi." Mo mú un búra lórí Bíbélì. Ó kọ̀wé sí ọ ní ìkọ̀kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Miss Lottie dá a padà fún mi lẹ́ẹ̀mejèèjì. Gbogbo Pinder ló bá mi pa á mọ́, torí kò sẹ́ni tí kò mọ bọ́ọ̀lù níbí. Lọ́jọ́ Àìkú, tí Tubbs bá ń ka orúkọ àwọn ọmọ wa tó wà lójú ogun fún àdúrà, á ka Foster, á húkọ́, á bọ́ sórí Hollis. Obìnrin àlejò kan wá láti Selma, ó dìde láàárín ìsìn, ó ní, "Ọmọ yín tó ń ju bọ́ọ̀lù yẹn ńkọ́? Ṣé kò tíì…" Kò sọ ọ́ tán. Ìyá Otha fi ìwé orin dí i lẹ́nu.

Ẹ̀rín nìyẹn. Èyí tó kàn yìí kì í ṣe ẹ̀rín.

Ìwé Kérésì rẹ dé. Mo kà á tán. Vernell kúnlẹ̀ síwájú mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, o máa pàdánù ọmọ yìí." Mo mú gègé. Mo kọ, "Leander ọmọ mi." Mo wo ohun tí mo kọ títí. Mo rí ọ nínú ọkọ̀ yẹn, mo rí ọta tó gba inú fìlà kọjá. Mo ju bébà náà sínú sítóòfù. Mo ní kó o kórìíra mi. Kó o jókòó sí France, kó o fẹ́yàwó níbẹ̀, kó o bí àwọn ọmọ tí kò ní mọ̀ pé Ezell kan wà láyé. Bàbá tí ọmọ rẹ̀ kórìíra rẹ̀ ṣì ní ọmọ. Ìyẹn ni mo gbé lé ọkàn. Ó dùn mí débi pé n kò lè gbé ṣọ́bìrì fún ọjọ́ méjì.

Ó ti tán báyìí. Wọ́n ti gbá ọ, ibi tí ẹran pọ̀ sí ni, ẹnu sì ti là. N óò sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ. Ìjì ká páànù ilé wa ní oṣù Kọkànlá, mo ti kàn án padà. Vernell àti Miss Lottie ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́, nítorí rẹ ni. Mo ti dẹ́kun tábà. Mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti la iná mànàmáná dé ìta wa. Mo lá àlá rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣé wọ́n ń fún ọ jẹun? Ṣé ibùsùn yẹn rọ̀? Ṣé nọ́ọ̀sì yẹn jẹ́ onínúure?

Má fọwọ́ sí ìwé ọkùnrin Rouen yẹn. Mo bẹ̀ ọ́. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni rí láyé mi, bi Vernell léèrè. Wá sílé kó o wá bú mi lójúkojú.

Bàbá rẹ,
Ezell

Leander, èmi Vernell rèé. Mo ti sọ fún un pé wèrè ni. Máa bọ̀ nílé, ọmọ mi.


Ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun
19 Oṣù Kẹta, 1945

Bàbá mi,

Ẹ kú ẹnu. Ìwé yín dé ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn.

Mo kọ́kọ́ bínú. Ẹ jẹ́ kí n bínú ná! Ogun kì í ṣe bọ́ọ̀lù, Bàbá! Àwọn ará Jámánì ò mọ èèwọ̀ wa, wọn ò tilẹ̀ mọ irú eré tó jẹ́! Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń sunkún nínú ọkọ̀ ẹrù bí ọmọ ọwọ́, ẹ̀yin sì ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Otha Hollis, bí mo bá rí i, n óò da kọfí lé e lórí.

Lẹ́yìn náà mo dé ibi ìwé orin tí wọ́n fi dí obìnrin Selma yẹn lẹ́nu. Ẹ̀rín gbé mi débi pé òwú tí wọ́n fi rán ìdí mi já méjì. Nọ́ọ̀sì sáré dé, ó bú mi, ó tún un rán. Ó jẹ́ onínúure, ẹ má ṣèyọnu. Ọlọ́wọ́ wúwo ni.

Gbogbo wọn ní iyàrá yìí ní kí n ka ìwé náà sókè. Mo kà á. Ọmọ Mississippi kan wà lórí ibùsùn kejì sí mi tí bàbá rẹ̀ ò kọ̀wé sí i láti oṣù Kẹsàn-án. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi." Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣì wà bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí n tó yá a, mo ti ka ojú ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo ń wá ohun kan níbẹ̀. Ẹ bèèrè oúnjẹ mi. Ẹ bèèrè ibùsùn mi. Ẹ bèèrè nọ́ọ̀sì. Ẹ ò bèèrè apá mi rárá. Mo tún yẹ ẹ̀yìn bébà wò. Kò sí níbẹ̀. Bàbá, mo kó orí mi sábẹ́ aṣọ ìbora, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n.

Torí pé ẹ ò bèèrè, n óò sọ fún yín: ó ń sàn. Ó ti kọjá etí.

Mo ti ránṣẹ́ sí Lecointe pé rárá. Ẹni tí mo rán ní ó gbé èjìká sókè, ó sì fi wàràkàṣì tó ń rùn ránṣẹ́ sí mi pé kí n mú u lọ fún bàbá mi. Mò ń bọ̀ nílé.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Bó bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ iwájú pé mò ń jù ú tí wọn ò rí i gbá, ẹ má dákẹ́ fún mi. Mo ti mọ bí ìdákẹ́ yín ṣe rí. Kí wọ́n kúkú gbá a.

Ọmọ yín,
Leander


Pinder, Alabama
9 Oṣù Keje, 1946

Leander,

Mo délé láyọ̀. Ọkọ̀ ojú irin kún, mo dúró láti Mobile títí dé Selma. Ṣé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ nínú Àkùkọ Dúdú ṣì ń bínú sí mi?

Mo fẹ́ kọ bọ́rọ̀ ṣe rí lójú tèmi kó o tó gbọ́ irọ́ lọ́dọ̀ kóòṣì yín. Nígbà tí abala kẹfà parí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí wọn ò tíì rí i gbá lọ́wọ́ rẹ, mo rí i tí gbogbo wọn ń sún kúrò. Ìwọ nìkan ló kù lórí bẹ́ńṣì gbọọrọ yẹn, o sì ń wo ilẹ̀. Mo ti di ẹnu mi mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Àwọn tó jókòó tì mí lè jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí ọ yẹn, ara mi ò gbà á. Mo gun ọgbà kọjá. Mo wá jókòó tì ọ́. Mo ní, "Leander, wọ́n yọ eyín Vernell kan, ó bu dókítà jẹ."

Kóòṣì yín ṣe bí ẹni tí wọ́n yìnbọn lù. Ẹnì kan sọ pé, "Ẹ gbé bàbá àgbà yìí kúrò níbí!" Ìwọ gbójú sókè, o ní, "Ọwọ́ wo ló bù jẹ lára dókítà, Bàbá?" Mo ní, "Ọ̀tún." O rẹ́rìn-ín débi pé omi jáde lójú rẹ. A sọ̀rọ̀ títí o fi wọ pápá, o padà wá, a tún sọ ọ́.

Ní abala kẹjọ, wọ́n gbá a. Gbogbo wọn kọjú sí mi bí ẹni pé èmi ni mo gbé igi yẹn. Mo wá àforíjì lẹ́nu mi kí n tọrọ rẹ̀, mi ò rí i. Ìwọ ń bọ̀ láti àárín pápá, o ń mi orí, o ń rẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì pé lábẹ́ rẹ.

Bọ́ọ̀lù lásán ni.

Vernell ní kó o fi aṣọ rẹ tó dọ̀tí ránṣẹ́ wá, pé òun ò gba àwọn afọṣọ Mobile gbọ́.

Bàbá rẹ,
Ezell